ÌKA TÍ Ó BÁ ṢẸ̀ NI ỌBA Ń GÉ

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó. Bí ẹnì kan bá fẹ́ mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yìí dájú, kí ó lọ dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan tí òjò bá rọ̀ mọ́jú. Yóò rí bọ́ọ̀sì, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti tírélà tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn ní Ajah, tí wọn kò lè lọ síwájú, tí wọn kò sì lè padà sẹ́yìn. Yóò rí àwọn ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n gbé bàtà lọ́wọ́, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ nínú omi. Yóò rí ilé ńláńlá tí ẹnu ọ̀nà wọn lẹ́wà bí ti ààfin, ṣùgbọ́n tí ẹni tí ó ni ín kò lè jáde nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé ó ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún.

A kò lè bá òjò jà, nítorí iṣẹ́ tí Ọlọ́run rán an ni ó ń jẹ́. Àwọn baba wa ti wí i tipẹ́ pé àgbàrá òjò kò wí pé òun kò ní wó ilé, onílé ni kò ní gbà fún un. Ṣùgbọ́n ní ayé òde òní, kì í ṣe onílé nìkan ni ó yẹ kí ó dí àgbàrá lọ́nà. A ti yan àwọn kan sípò, à ń san owó oṣù fún wọn láti inú owó orí wa, a sì fi òǹtẹ̀ ìjọba lé wọn lọ́wọ́, pé kí wọ́n máa bá wa wo òkèèrè. Àwọn ni olórí ilé iṣẹ́ ìjọba tí ó ń ṣe ètò ìlú àti ìdàgbàsókè rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn ni a fẹ́ sọ lónìí. A kò fẹ́ bú ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni a fẹ́ bi wọ́n, èyí tí kò tí ì rí ìdáhùn tí ó tẹ́ aráàlú lọ́rùn: nígbà tí ilé bá hù sí ojú ọ̀nà omi, tàbí tí ilé bá wó pa ènìyàn, ta ni ó fọwọ́ sí i?

IṢẸ́ TÍ ÀRÙN EKU BÍ

Iṣẹ́ ètò ìlú kì í ṣe iṣẹ́ àná ní Èkó. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri jà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ó sì pa ènìyàn púpọ̀. Nígbà tí ìjọba amúnisìn rí i pé ilé tí a há mọ́ra wọn àti àbàtà tí ó yí ìlú ká wà lára ohun tí ó fà á, wọ́n dá Bọ́ọ̀dù Ìdàgbàsókè Èkó sílẹ̀ ní 1928. Bọ́ọ̀dù yìí ni ó la àdúgbò púpọ̀ ní Àpápá, ní Sùúrùlérè, ní apá kan Ìkòyí àti ní Victoria Island. Níbi tí omi wà tẹ́lẹ̀, wọ́n da iyanrìn sí i. Níbi tí kò sí ọ̀nà, wọ́n la ọ̀nà.

A kò wí pé Bọ́ọ̀dù náà kò ṣẹ̀. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín Èkó ní 1955 pé òun fẹ́ tún ìlú ṣe, ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó fi ilé baba wọn sílẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè, ẹlòmíràn nínú wọn kò sì padà mọ́ títí tí ó fi kú. Ọgbẹ́ náà ṣì wà lára àwọn ọmọ wọn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé nípa ìgbà náà: ilé iṣẹ́ kan ni ó ń ṣe ètò, orúkọ rẹ̀ kò ṣòro í pè, ẹni tí inú bá bí sì mọ ilẹ̀kùn tí yóò kàn. Nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, Bọ́ọ̀dù yìí ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ní 1972 ni ìjọba pa á pọ̀ mọ́ àwọn aláṣẹ ètò ìlú ti Ìkẹjà àti ti Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n fi di àjọ tí a mọ̀ sí LSDPC títí di òní. Láti ìgbà náà, ọwọ́ tí ó wà lórí ètò ìlú ti pọ̀ sí i. Àwọn tí ó ń wo ìwé ilé kíkọ́ yàtọ̀ sí àwọn tí ó ń wo ilé tí à ń kọ́, àwọn tí ó ń wo omi sì tún yàtọ̀. Níbi tí ọwọ́ bá ti pọ̀ báyìí, ó rọrùn fún ọwọ́ kan láti fara pamọ́ sí ẹ̀yìn èkejì.

ILẸ̀ LÁÀÁRÍN OMI MÉJÌ

Kí á tó sọ̀rọ̀ jìnnà, ó yẹ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ kò gbé apá ibẹ̀ mọ irú ilẹ̀ tí Lekki àti Ajah jẹ́. Ilẹ̀ tóóró ni, tí ó nà láti ẹ̀gbẹ́ Victoria Island lọ sí ìhà ìlà oòrùn. Òkun wà ní gúúsù rẹ̀, ọ̀sà wà ní àríwá rẹ̀. Iyanrìn àti àbàtà ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí ènìyàn bá gbẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ díẹ̀, omi ni yóò bá pàdé. Òjò tí ó bá rọ̀ síbẹ̀ kò ní òkè tí yóò ti ṣàn wálẹ̀ kíákíá. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń wá ọ̀nà lọ sí ọ̀sà. Bí ọ̀sà bá sì kún ní àkókò náà, omi òjò yóò dúró de ọ̀sà kí ó fà sẹ́yìn kí ó tó lè wọ inú rẹ̀. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé odò kékeré, kòtò àti ojú àgbàrá ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ dà bí ihò imú lára ènìyàn. Ẹni tí ó bá dí i, ẹ̀mí ni ó ń dí.

Àwọn apẹja àti àwọn àgbẹ̀ àgbọn ni ó ti ń gbé ibẹ̀ láti ìran dé ìran, ní Ajah, ní Ikate, ní Láńgbàsà, ní Badore àti ní àwọn abúlé etí òkun. Ìlú Lekki gan-an, tí ó jìnnà sí ìhà Ẹ̀pẹ́, tilẹ̀ jẹ́ ibi àdádó tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ibẹ̀ ni ìjọba fi Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pamọ́ sí ní 1962, nígbà ìdàrúdàpọ̀ ìṣèlú ní Ìwọ̀-oòrùn, nítorí wọn kò fẹ́ kí ènìyàn lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní ìrọ̀rùn. Ta ni ó mọ̀ nígbà náà pé ilẹ̀ tí a ń fi pa ènìyàn mọ́ kúrò láàárín ẹgbẹ́ yóò di ibi tí gbogbo ẹgbẹ́ ń sáré lọ?

Ohun mẹ́ta ni ó yí i padà. Èkíní ni òfin ilẹ̀ tí ìjọba ológun ṣe ní 1978, èyí tí ó fi ilẹ̀ gbogbo ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Èkejì ni ọ̀nà tí Alhaji Lateef Jakande, tí ó ti jẹ́ akọ̀ròyìn bí tiwa kí ó tó di gómìnà ní 1979, là lọ sí ìhà Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀kẹta ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Maroko.

Ní oṣù keje 1990, ìjọba ológun tí Raji Rasaki jẹ́ olórí rẹ̀ ní Èkó fún àwọn ará Maroko ní ọjọ́ méje péré kí wọ́n kó ẹrù wọn. Ìjọba wí pé omi ń bo ibẹ̀, ìdọ̀tí sì pọ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù náà, katapílà dé. Iye ènìyàn tí a sábà máa ń sọ pé wọ́n lé jáde jẹ́ ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, èyí ni 300,000. Díẹ̀ nínú wọn rí ilé gbà ní Ilasan àti Ikota, nínú ilé tí kò tí ì parí; èyí tí ó pọ̀ jù kò rí nǹkan kan gbà. Lẹ́yìn náà ni ilé àwọn olówó bẹ̀rẹ̀ sí í hù lórí ilẹ̀ tí a wí pé omi ń bò. Ní 1990 kan náà ni a fi ilẹ̀ hẹ́kítà 78 sílẹ̀ ní Lekki pé kí á má ṣe fọwọ́ kàn án, kí ọ̀bọ, ọ̀ọ̀nì àti ẹyẹ lè máa gbé àbàtà wọn ní àlàáfíà. A gbóríyìn fún àwọn tí ó ronú bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ó ń ká wa lára pé ọ̀bọ rí ètò tí a ṣe sílẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rí.

Láti ìgbà náà, nǹkan kò dúró. Ní 2006 ìjọba bá ilé iṣẹ́ aládàáni kan ṣe àdéhùn lórí ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́. Ní oṣù kejìlá 2011 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ níbẹ̀. Ní 2013 ni afárá tí ó so Lekki mọ́ Ìkòyí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní 2017 ni a ṣí afárá Ajah. Ní oṣù kìíní 2023 ni a ṣí èbúté ńlá Lekki, ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà ni a sì ṣí ilé ìfọpo Dangote, èyí tí a kọ́ láti máa fọ àgbá epo 650,000 lójúmọ́. Iṣẹ́ ńlá ni gbogbo wọn, a kò sì kọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ní oṣù keje 2017 kan náà tí a ṣì ń yọ̀ sí afárá Ajah, omi gba Lekki, Ajah àti Victoria Island tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan fi ń gun ọkọ̀ ojú omi ní àdúgbò tí wọ́n ti ń wa ọkọ̀ ilẹ̀. Èyí fi hàn pé ọ̀nà lè dára kí ìlú má dára. Ọ̀tọ̀ ni kí á kọ́ nǹkan, ọ̀tọ̀ ni kí á ṣètò ìlú.

ÀGA KAN, ÈNÌYÀN MẸ́FÀ

Ẹ jẹ́ kí á wá wo àwọn tí ó wà ní orí àga. Láàárín 2011 sí 2023, ènìyàn mẹ́fà ni ó jẹ kọmíṣọ́nnà fún ètò ìlú ní Ìpínlẹ̀ Èkó: Toyin Ayinde, Wasiu Anifowoshe, Rotimi Ogunleye, Idris Salako, Omotayo Bamgbose-Martins, àti Oluyinka Olumide tí ó gba ipò náà ní 2023. Láàárín ọdún 12, orí mẹ́fà dé fìlà kan. Agbára káká ni ẹni tí ó bá jókòó yóò fi mọ ibi tí fáìlì wà kí àkókò rẹ̀ tó pé. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nínú ètò ìlú, a kò sì fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ohun tí a fẹ́ kí òǹkàwé kíyè sí ni bí ìbéèrè wa ti ń sá láti ọ̀dọ̀ ẹni kan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn.

Ní oṣù kẹta 2016, ilé alájà márùn-ún kan tí a ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní Lekki, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 30, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ tí ó ń sùn síbẹ̀. Ìjọba wí pé àjà tí a kọ́ kọjá èyí tí a fọwọ́ sí, pé a ti ilẹ̀kùn ibẹ̀ pa rí, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ń kọ́ ọ já àgádágodo ìjọba. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ta ni ó yẹ kí ó padà lọ wò bóyá àgádágodo náà ṣì wà níbẹ̀?

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 2021, ilé alájà 21 tí a ń kọ́ wó ní Ìkòyí. Ìkòyí kì í ṣe Lekki, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ìjọba kan náà ni ó ń ṣọ́ méjèèjì, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ sì kan gbogbo ẹni tí ó ń sùn lábẹ́ òrùlé ní Ajah. Ènìyàn tí ó lé ní 40 ni ó kú. Àwọn ìdílé ń dúró sí ẹ̀bá òkìtì kọnkéré, wọ́n ń pe nọ́ńbà tí kò dáhùn mọ́. Ní àkókò náà, ọ̀gá àgbà àjọ tí ó ń ṣọ́ ilé kíkọ́ wí pé àjà 15 ni a fọwọ́ sí. Kò pẹ́ tí igbákejì gómìnà fi wí pé àjà 21 ni a fọwọ́ sí. Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Òkú ṣì wà nínú ilẹ̀, àwọn aláṣẹ kò sì tí ì fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí ó wà nínú ìwé tí ìjọba fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí. Bí ọ̀gá méjì kò bá ka ìwé kan náà bákan náà, báwo ni bíríkìlà yóò ti ka tirẹ̀?

Ìjọba ní kí ọ̀gá àgbà náà lọ rọ́kún nílé, ó sì gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀. Ẹni tí ó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ náà ni Ọ̀gbẹ́ni Toyin Ayinde, tí ó ti jẹ́ kọmíṣọ́nnà fún ètò ìlú rí. A kò sọ pé ó ṣe àìdára. Ẹni tí ó bá mọ inú ilé ni ó lè tọ́ka sí ibi tí òrùlé ti ń jò. Ṣùgbọ́n kí ọdún kan tó pé, ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án 2022, ilé alájà méje mìíràn tí a ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní Oniru, ní agbègbè tí Maroko wà rí. Ní ọjọ́ kejì, ìjọba kéde pé Dókítà Salako ti fi ipò kọmíṣọ́nnà sílẹ̀.

Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Ní orílẹ̀-èdè tí ọ̀gá kì í sábà fi ipò sílẹ̀ fún ohunkóhun, a mọ̀ pé kì í ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa kò sọ pé orí tí ó bá sún mọ́ ọba ni ọba ń gé. Wọ́n ní ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Bí a bá ṣí fìlà kúrò ní orí, tí ìka tí ó kọ orúkọ sí ìwé ṣì ń kọ orúkọ sí òmíràn ní yàrá kan náà, kí ni a ṣe? A pààrọ̀ ẹni tí yóò máa bá wa kẹ́dùn ni.

ỌWỌ́ TÍ Ó PỌ̀ LÓRÍ ÌWÉ KAN

Ẹ jẹ́ kí á fi olùkọ́ kan ṣe àpèjúwe, irú ẹni tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí ó ń ka ìwé ìròyìn. Ó fi ọdún 20 kó owó jọ, ó dá àjọ, ó yá díẹ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ó sì ra ilẹ̀ kan ní ẹ̀yìn Ajah. Ọmọ onílẹ̀ gba owó ilẹ̀, ó tún gba owó ìpìlẹ̀, ó sì gba owó òrùlé. Sọ́fíà wọn ilẹ̀ náà. Ilé iṣẹ́ ìjọba tí ó wà fún ọ̀ràn ilẹ̀ ní ọwọ́ tirẹ̀ nínú ìwé rẹ̀. Àjọ tí ó ń fún ni ní àṣẹ ilé kíkọ́ ní ọwọ́ tirẹ̀. Àjọ kejì tí ó ń ṣọ́ ilé tí à ń kọ́ ní ọwọ́ tirẹ̀. Òfin ètò ìlú tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2010 ni ó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Ilé iṣẹ́ àyíká ni ó ń sọ bóyá ilẹ̀ náà wà ní ojú àgbàrá. Bí ilẹ̀ bá sún mọ́ etí omi, ilé iṣẹ́ mìíràn tún wà fún etí omi, ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá yóò sì wí pé etí omi náà kan òun.

Olùkọ́ yìí kò mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn. Òǹtẹ̀ ìjọba ni ó rí, ó sì gbà pé ìjọba kan ni gbogbo wọn. Ní ọjọ́ kan, òṣìṣẹ́ kan dé, ó fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sí ara ògiri rẹ̀. Ó ní ojú omi ni ilé náà wà. Olùkọ́ gbé ìwé jáde. Òṣìṣẹ́ wí pé kì í ṣe ọ́fíìsì tòun ni ó fún un.

Kì í ṣe àlọ́ ni a ń pa. Láti 2023, ìjọba Èkó ti ń wó ilé àti ògiri tí ó wà lójú ọ̀nà omi ní apá Ikota, ní ọ̀nà Orchid, àti ní ẹ̀bá àwọn kòtò ńlá tí a pè ní Sísítẹ̀mù 156 àti 157. Ọ̀gbẹ́ni Tokunbo Wahab, tí ó di kọmíṣọ́nnà fún àyíká àti omi ní ọdún náà, ni ó wà níwájú iṣẹ́ yìí. Àwọn tí ó gbé ibẹ̀ bú u. Àwọn tí omi ń wọ ilé wọn lẹ́yìn wọn gbàdúrà fún un. Ní tiwa, a gbà pé omi gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà lọ, kódà bí ilé náà jẹ́ ti ẹni ńlá. Ẹnì kan kò lè fi ilé tirẹ̀ sọ ilé 100 ènìyàn di odò. Ṣùgbọ́n nígbà tí onílé bá fi ìwé tí ìjọba fọwọ́ sí hàn, tí ìwé náà kò sì jẹ́ ayédèrú, ẹni tí ó fọwọ́ sí i wà níbì kan. Ó lè ti gba owó ìfẹ̀yìntì. Ó tilẹ̀ lè ti gba ìgbéga. Katapílà mọ ọ̀nà ilé olùkọ́. Kí ló dé tí kò sí ẹni tí ó mọ ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀?

Ti ìjọba àpapọ̀ tún wà níbẹ̀. Ní 2003, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ dájọ́ pé ètò ìlú àti ilé kíkọ́ jẹ́ iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀, nínú ẹjọ́ tí Ìpínlẹ̀ Èkó pe ìjọba àpapọ̀. Síbẹ̀, ìjà etí omi kò tán. Ní 2024, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà etí òkun láti Èkó dé Calabar, àwọn oníṣòwò etí òkun rí i tí a wó ilé ìtajà wọn kí wọ́n tó lóye ìjọba tí ó yẹ kí wọ́n ti gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí erin méjì bá ń jà, koríko ni ó ń fara gbá a.

KÍ Á MÁ ṢE DÁ ẸNÌ KAN LẸ́BI

Ó yẹ kí á sọ òtítọ́ ní ẹ̀gbẹ́ kejì pẹ̀lú. Iṣẹ́ àwọn olórí ètò ìlú kò rọrùn. Òṣìṣẹ́ tí ó ń bẹ ilé wò kò tó nǹkan ní ìlú tí ilé ń hù bí olú. Ẹni tí ó bá kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé lè gba ìpè láti ọ̀dọ̀ alágbára kan ní alẹ́ ọjọ́ náà, bí ó bá sì takú, wọ́n lè gbé e lọ sí ibi tí kò fẹ́. A kò gbọ́ orúkọ irú wọn, nítorí ilé tí kò wó kì í di ìròyìn.

Àwa aráàlú pàápàá kò mọ́ lọ́wọ́. Àwa ni a ń kọ́lé ní òru àti ní ọjọ́ Ìsinmi kí òṣìṣẹ́ ìjọba má bà á rí wa. Àwa ni a ń san owó fún àjà méjì tí a sì ń kọ́ mẹ́rin. Àwa ni a ń da ilẹ̀ sí kòtò tí a sì ń bínú sí òjò. Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Bẹ́ẹ̀ ni àwa tí a ń kọ ìwé ìròyìn: a máa ń sáré dé ibi tí ilé ti wó, ṣùgbọ́n a kì í lọ sí ibi tí a ti ń fọwọ́ sí i. Ẹ̀bi tiwa nìyẹn, a sì gbà á.

Síbẹ̀, ẹ̀bi gbogbo ènìyàn kò gbọdọ̀ di ààbò fún ẹni tí a san owó fún láti ṣọ́ wa. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Bí ojú bá sùn, a kò lè bá ẹsẹ̀ wí.

Àbàtà náà kì í sì ṣe àwáwí. Ní orílẹ̀-èdè Hólándì, apá púpọ̀ nínú ilẹ̀ wọn rẹlẹ̀ ju òkun lọ. Láti bí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún sẹ́yìn ni àwọn ará ibẹ̀ ti ń yan ìgbìmọ̀ omi, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó ṣọ́ ògiri òkun, kòtò àti odò lọ. Nítòsí wa níbí, Ìbàdàn kọ́ ẹ̀kọ́ náà pẹ̀lú omijé nígbà tí odò Ògùnpa kún ní oṣù kẹjọ 1980, tí ó gbé ilé àti ọ̀pọ̀ ẹ̀mí lọ. Lẹ́yìn ìgbà náà ni a tó fi kọnkéré la ọ̀nà fún odò náà. Ṣé ó di dandan kí Ajah náà san irú owó ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀?

OHUN TÍ A Ń BÉÈRÈ

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Nítorí náà, a kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí mọ sí ìkérora. Ohun mẹ́rin ni a ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó àti lọ́wọ́ àwọn olórí ilé iṣẹ́ ètò ìlú.

Èkíní, kí a kọ sí ara pátákó tí ó wà níwájú gbogbo ilé tí à ń kọ́ iye àjà tí a fọwọ́ sí, orúkọ òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó fọwọ́ sí i, àti orúkọ ẹni tí ó ń bẹ̀ ẹ́ wò. Kí a kọ ọ́ ní èdè Yorùbá pẹ̀lú, kí ìyá tí ó ń ta àkàrà ní iwájú ibẹ̀ lè kà á, kí ó sì ka àjà. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé orúkọ òun wà ní ìta yóò wo ìwé lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó fọwọ́ sí i.

Èkejì, kí a ya àwòrán gbogbo ojú ọ̀nà omi láti Oniru dé Ajah àti kọjá rẹ̀, kí a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ní ààfin ọba àti ní ilé baálẹ̀. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ ra ilẹ̀ lè lọ wò ó láìsan kọ́bọ̀. Ọmọ onílẹ̀ tí ó bá ta ojú omi lẹ́yìn èyí, olè ni, kí a sì mú un bí olè.

Ẹ̀kẹta, nígbà tí ìjọba bá fẹ́ wó ilé tí ó ní ìwé àṣẹ tòótọ́, kí a kọ́kọ́ wá ẹni tí ó fọwọ́ sí ìwé náà kí ó wá ṣàlàyé ní gbangba. Bí ó bá jẹ́ pé ìjọba ni ó ṣì í, kí ìjọba san owó fún onílé. Bí ó bá jẹ́ pé àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni, kí a gbé òṣìṣẹ́ náà lọ sí ilé ẹjọ́, ìbáà jẹ́ pé ó ti fẹ̀yìntì.

Ẹ̀kẹrin, kí olórí ilé iṣẹ́ ètò ìlú tí ó bá ń lọ fi ìwé sílẹ̀ fún ẹni tí ó ń bọ̀, kí a sì tẹ ìwé náà jáde: ilé tí a tì pa, ilé tí ó léwu, ọ̀nà omi tí a ti dí. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí yóò lè wí pé kí òun tó dé ni nǹkan ti bàjẹ́.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé ọ̀rọ̀ yìí le jù. A rán wọn létí pé àwọn tí ó kú ní Lekki ní 2016 àti ní Ìkòyí ní 2021 kì í ṣe olówó nìkan. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ iṣẹ́, ẹni tí ó gbé pọ́nkán sí orí kí ó lè rán owó sí ilé, tí kò mọ iye àjà tí ó wà nínú ìwé, tí kò sì ní bí yóò ti mọ̀ ọ́n. Nítorí irú wọn ni a fi dá ilé iṣẹ́ ètò ìlú sílẹ̀ ní 1928, nígbà tí àrùn eku ń pa àwọn tálákà ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Bí ilé iṣẹ́ náà bá gbàgbé wọn, ó ti gbàgbé ìdí tí a fi bí i.

Àgbà kì í wà ní ọjà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó lórí àga ètò ìlú lónìí, ẹ̀yin ni àgbà ọjà yìí. Òjò ọdún tí ń bọ̀ kò ní béèrè orúkọ yín kí ó tó rọ̀. Ṣùgbọ́n àwa aráàlú yóò béèrè rẹ̀, a kò sì ní dẹ́kun títí a ó fi rí i kà ní ẹ̀bá ọ̀nà.